Àgbò Tí A Kì í Tú Sílẹ̀

"Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára ẹran yẹn ná, Bàbá Mùyìbátù," ni Àpọ́nlé wí. "Mo bẹ̀ yín."

Alájì Kàdírì kò gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún tẹ ẹ̀yìn àgbò náà láti èjìká dé ìdí, bí ẹni tó ń yẹ bẹ́ẹ̀dì tuntun wò kó tó sanwó rẹ̀. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wo eyín. Ó gbé etí ọ̀tún sókè, ó gbé ti òsì. Ó fi àtàńpàkò gbo ìwo méjèèjì títí dé ṣóńṣó wọn. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀. Alájì rẹ́rìn-ín, ó ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́. Ẹran rèé! Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, mi ò rí irú èyí nínú agbo wa mọ́."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ kúrò."

Dáníẹ́lì, ọkọ Àpọ́nlé, jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó wúkọ́. Ikọ́ kankan kò ṣe é. Ìgbàkúùgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ sókè, ọ̀fun Dáníẹ́lì á bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín.

Bàbá kan, ìyá kan ni Kàdírì àti Dáníẹ́lì. Kàdírì tẹ̀lé bàbá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí, Dáníẹ́lì tẹ̀lé ìyá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ọjọ́ kan tí èyí fa ìjà láàárín wọn. Bí Kérésìmesì bá dé, ilé Dáníẹ́lì ni gbogbo ẹbí ti ń jẹun. Bí Iléyá bá dé, ilé Kàdírì ni. Ṣùgbọ́n agbo àgùntàn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé Dáníẹ́lì ní Ìgbòho, Àpọ́nlé ló sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí apá ìyá ọkọ rẹ̀ kò ti ká a mọ́. Àṣà ilé náà ni pé àgbò tó bá dára jù lọ nínú agbo ni ti Iléyá. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń dá a mọ̀. Wọ́n á yà á sọ́tọ̀, wọ́n á so ó mọ́ èèkàn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ àti eérí àgbàdo sí i níwájú títí ọdún á fi dé. Wọn kì í tú u sílẹ̀. Àgbò tó bá ń sáré tẹ̀lé abo kiri kì í sanra.

Èyí tí wọ́n so lọ́dún yìí ga débi tí àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá fi sọ ọ́ ní Kábíyèsí.

"Sátidé ni n ó wá gbé e," ni Alájì wí. "Ṣùkúrù ló máa fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e. Mo fẹ́ kó lo ọjọ́ tó kù lọ́dọ̀ mi, kí àwọn ará àdúgbò rí i kí ojú wọn là."

"Kò ní lọ," ni Àpọ́nlé wí.

Dáníẹ́lì wúkọ́.

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò ní lọ, Bàbá Mùyìbátù. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ara ògiri yìí."

Ó fà á dé iwájú ilé àgùntàn. Láti ayé bàbá wọn ni wọ́n ti máa ń kan ìwo àgbò Iléyá ọdún kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri amọ̀ náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àwọn tó wà lápá òsì ti dúdú fún èéfín àti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n nípọn bí ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà, wọ́n sì ká po lẹ́ẹ̀mejì. Bí ojú bá ti ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ìwo náà ń kéré sí i. Ti èṣín, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Alájì wò ó láti òsì dé ọ̀tún. "Ìwo ni. Kí ló ṣe é?"

"Ó ń kéré sí i."

"Kí ni kò kéré sí i? Búrẹ́dì náà ti kéré. Ọṣẹ náà ti kéré. Ṣé ìwo la ó wá dá lẹ́jọ́?"

"Olúwa gbà mí," ni Àpọ́nlé wí lábẹ́ ohùn. Ó gbé ohùn sókè. "Bàbá Mùyìbátù, lọ́dọọdún, èyí tó dára jù la ń so mọ́lẹ̀. A kì í jẹ́ kó rí abo sójú. Bó bá sanra tán, a ó pa á. Ta ló wá ń gun àwọn abo yìí? Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Alájì yíjú padà. Àgbò kúkúrú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ dúró síbẹ̀, ó ti ki etí agbádá Alájì bọ ẹnu, ó ń rún un. Etí kan péré ló ní. Ajá ló gé èkejì jẹ nígbà tó wà ní kékeré, Elétíkan sì ni wọ́n ń pè é. Nítorí etí tó já yìí, kò tọ́ sí ọdún. Nítorí pé kò ní ẹran lára, alápatà tó bá wá kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó so ó rí. Ó ń jẹ̀ kiri bó ṣe wù ú.

"Kúrò níbẹ̀! Ẹran burúkú!" Alájì fa aṣọ rẹ̀ gbà.

"Ẹ má bú u o. Ọkọ gbogbo wọn nìyẹn," ni Àpọ́nlé wí. "Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti ń bí nínú agbo yìí láti ọjọ́ yìí, òun ló bí wọn. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n á kú. Bí òjò bá pọ̀, wọ́n á kú. Nígbà tí mo wọ ilé yìí, èèyàn kì í rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé nínú ọgbà yìí ní ìrọ̀lẹ́. Lónìí, abo márùn-ún ló kù. Bí kò bá jẹ́ ti ìyá Kábíyèsí tí mo rà ní Ìjió, tó gbé oyún rẹ̀ wá, kí lẹ̀ bá wá fi ọwọ́ tẹ̀ lẹ́yìn lónìí?"

"Ìyàwó wa, Ọlọ́run ló ń dá àgùntàn."

"Òun ló ń dá wọn. Àwa là ń yan èyí tó máa kú."

Alájì tún fìlà rẹ̀ dé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé.

"Nígbà ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, iṣu wo lo máa ń gbé lọ?"

Àpọ́nlé bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀.

"Mo ń bi ọ́. Èyí tó kéré ni? Èyí tí kòkòrò jẹ? Lójú mi báyìí lo ṣe máa ń tú àká, tí o máa ń wá èyí tó tóbi jù. Ohun tó dára jù ni ti Ọlọ́run, àbí báwo? Ṣé kí èmi wá mú aláìlétí lọ síwájú Rẹ̀ nítorí pé ìwo ń kéré?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

Òótọ́ ni Alájì sọ, òótọ́ yẹn gan-an ló sì ń bí i nínú. Alájì gbọn etí agbádá rẹ̀ tó ti tutù, ó kí àbúrò rẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀kadà tó ń dúró dè é.

"Sátidé," ló wí.

Bí ó ti lọ tán, Àpọ́nlé kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ọpẹ́, ikọ́ yín yìí, ṣé kí n po oyin sí omi fún yín?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ sọ ohunkóhun! Ẹ sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi! Ẹ sọ pé òun ló jẹ̀bi! Ẹ kàn jókòó sórí odó bí ẹni tí wọ́n gbé ka ibẹ̀. Ta ló ń jí wá fún wọn lóúnjẹ? Ta ló ń sin àwọn ọmọ wọn? Ọwọ́ mi yìí ló gbẹ́ ilẹ̀ fún ọmọ àgùntàn mẹ́ta lóṣù tó kọjá."

"Jẹ́ ká ṣe sùúrù, Ìyá Ọpẹ́."

"Sùúrù!" Ó ṣá àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Àgùntàn á tán, sùúrù á kù. A ó máa so ó mọ́ èèkàn."

Dáníẹ́lì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé e mì.

*

Ní ọjọ́ kejì, Ọpẹ́olúwa, ọmọbìnrin wọn, dé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ṣakí. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́, ó fẹ́ di olùkọ́. Kò tíì mu omi tán tí ìyá rẹ̀ fi ti ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́, wọ́n ń bó o, Àpọ́nlé sì ń ro ẹjọ́ Alájì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, ó fi ọ̀bẹ ṣá ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì.

"Mọ́mì, ohun tí ẹ sọ fún Bàbá Alájì yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wa," ni Ọpẹ́olúwa wí.

"Kí ni wọ́n ń kọ́ yín?"

"Pé gbogbo ẹ̀dá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Èyí tó bá bá ibi tó wà mu ló ń yè, òun ló ń bímọ, àwọn ọmọ á sì jọ ọ́."

"Kí n má bá ọ jà lórí ìyẹn. Bí ó bá wu Ọlọ́run láti fa iṣẹ́ Rẹ̀ gùn, tèmi kọ́. Ṣùgbọ́n ṣé èyí tó lágbára jù lẹ ní ó ń yè?"

"Rárá, Mọ́mì. Ohun tí gbogbo èèyàn rò nìyẹn. Kì í ṣe agbára. Èyí tó bá yè títí tó fi bímọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà tún yè tí wọ́n bímọ, òun ló pegedé. Ìyẹn nìkan ni wọ́n ń wò."

Àpọ́nlé dá ọ̀bẹ dúró. "Ó dáa. Nínú agbo wa, ta ló wá pegedé?"

Ọpẹ́olúwa gbójú sókè wo ẹ̀yìnkùlé. Kábíyèsí dúró lábẹ́ máńgòrò, okùn wà lọ́rùn rẹ̀. Elétíkan ń gun abo kan lẹ́bàá kòtò ìdọ̀tí, ó ṣubú, ó tún ń gbìyànjú. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Elétíkan ni."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Òun ni o, Mọ́mì! Nínú ilé tí wọ́n ti ń pa àgbò tó pé, etí tó já ló gbà á là. Kò sí èyí tó bá ilé wa mu tó o."

"Má rín mi lẹ́rìn-ín, inú ń bí mi." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà létí ẹnu rẹ̀. Ó kó o kúrò. "Bó bá bá ilé wa mu, kí ló dé tí agbo ń tán? Dá mi lóhùn. Ó ń bímọ, òótọ́ ni. Àwọn ọmọ náà ń yè díẹ̀, wọ́n tún ń bí tiwọn, ìyẹn náà ò ní lè rìn dáadáa. Ọdún yìí ó dín, ọdún tó ń bọ̀ ó tún dín. Bí gbogbo wọn bá wá tán lọ́jọ́ kan, tí Elétíkan nìkan dúró síbẹ̀ bí ọba tí kò ní ìlú, ṣé olùkọ́ yín á ṣì ní ó pegedé?"

Ọpẹ́olúwa ronú. "A bi í ní irú ìbéèrè yìí. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí ẹnì kan yè, ọ̀tọ̀ ni kí ìran yè. Ọ̀kan kì í fi gbogbo ìgbà mú èkejì dání. Ohun tó ń gba ẹnì kan là lè jẹ́ òun gan-an ló ń pa ìran rẹ̀ run."

"Ẹni tó ń yàn kò wá rí i ni?"

"Kò sí ẹni tó ń yàn, Mọ́mì. Nínú ìgbẹ́, ó kàn ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

"Nínú ìgbẹ́ nìyẹn. Nínú ọgbà tèmi, ẹni tó ń yàn ń bẹ. Ó ń dé fìlà, ó ń gun ọ̀kadà."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín débi tí Dáníẹ́lì fi yọjú láti inú yàrá. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Ọpẹ́olúwa sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò kúkú le. Ẹ fi bíléèdì rẹ́ etí Kábíyèsí díẹ̀. Bàbá Alájì kò ní gbé e mọ́. Ẹ ní ajá ni."

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Àpọ́nlé wí. "Ọmọ olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lò ń jẹ́ o."

"Mo kàn ń ṣeré ni."

"Bó ẹ̀gẹ́."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bó ti ń ro àmàlà ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń rò ó. Nígbà tí wọ́n ń kọrin nínú àdúrà ẹbí, ẹsẹ kejì orin náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orin tó ti ń kọ láti kékeré.

*

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó yọ, Àpọ́nlé jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Bíléèdì tuntun wà nínú ìwé pélébé rẹ̀, ó há a mọ́ etí ìró.

Kábíyèsí mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rò pé oúnjẹ ni. Ó gbé orí rẹ̀ tó wúwo lé itan obìnrin náà, ó ń mí sí i lára. Àpọ́nlé di etí ọ̀tún rẹ̀ mú. Etí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan wẹ́wẹ́ ń lu nínú rẹ̀. Gígé kan péré. Ẹ̀jẹ̀ á ṣàn díẹ̀, á gbẹ. Á wá sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pé ajá ni, Alájì á sì gbà, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà, kò pa irọ́ fún un rí.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò pa irọ́ fún un rí.

"Baba," ló wí sókè, "ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ó sú mi tọkàntara. Bí mo bá fún Ọ ní èyí tó dára jù, agbo á tán. Bí mo bá fi pamọ́ fún Ọ, mo di olè. Kí wá lO fẹ́ kí n ṣe? Ìwọ náà kúkú ni olùṣọ́ àgùntàn."

Kò sí ohùn kankan láti òkè. Elétíkan ló dáhùn láti ẹ̀yìn ilé, ohùn rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo.

Àpọ́nlé jọ̀wọ́ etí náà. Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn àgbò, ó kan okùn. Abẹ́ okùn náà ti pá, irun ti bọ́ níbẹ̀ pátápátá, awọ ara rẹ̀ le bí awọ bàtà. Ó wo ilẹ̀. Ní ibi tí okùn gùn mọ, àgbò náà ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pá yí èèkàn ká, roboto, kò sí koríko kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlà yẹn, koríko tútù ni.

Ta ló so okùn yìí? Alájì kọ́. Alájì kò mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó rẹ̀. Òun Àpọ́nlé ló so ó, bí ìyá ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ, lọ́dọọdún, fún àgbò kan lẹ́yìn òmíràn. Alájì ní kó mú èyí tó dára jù wá. Ọlọ́run ní kí wọ́n mú èyí tó dára jù wá. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ fún un pé kí ẹran náà má bímọ kó tó wá.

Ó ki bíléèdì náà bọ inú ihò ògiri lábẹ́ ìwo. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Kókó náà ti le, ó ní láti fi eyín fà á.

Nígbà tí okùn bọ́, Kábíyèsí kò lọ ibì kankan. Ó rìn dé etí ilẹ̀ pípá náà, ó dúró ní ibi tí okùn ti máa ń dá a dúró. Àpọ́nlé tì í nídìí. Kò lọ. Ó tún tì í.

"Lọ ná! Ṣé èmi ni n ó fi ẹsẹ̀ ẹ rìn ni?"

Abo kan ké ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Àgbò náà gbé imú sókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí koríko, ó gbé èkejì. Lẹ́yìn náà ló sáré. Elétíkan ti etí kòtò sáré wá pàdé rẹ̀, ó dorí kodò, ó fẹ́ jà. Kábíyèsí kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, kò tilẹ̀ sáré sí i, Elétíkan sì fi ìdí jókòó sínú eérú.

Kó tó dìde, Àpọ́nlé ti mú un. Ó wọ́ ọ lọ sábẹ́ máńgòrò, ó sì fi okùn kan náà so ó mọ́ èèkàn. Ó da èèpo ẹ̀gẹ́ sí i níwájú.

Dáníẹ́lì jáde pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ó wo abẹ́ igi. Ó wo inú ọgbà. Orín náà já bọ́.

"Ìyá Ọpẹ́! Kí lo ṣe yìí?"

"Mo pààrọ̀ ọrùn fún okùn."

"Bó bá bá wọn jà tí ìwo rẹ̀ ṣẹ́ ńkọ́? Bó bá jáde tí ọ̀kadà gbá a ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láàárọ̀ yìí!"

"Bàbá Ọpẹ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ wúkọ́, ẹ wúkọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ẹnu ọgbà ṣí sílẹ̀."

Dáníẹ́lì mú orín rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ẹnu ọgbà, ó ti ilẹ̀kùn páànù náà, ó fi igi dábùú rẹ̀. Ó padà lọ mú igi kejì, ó fi kún un.

*

Wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ Ṣùkúrù kó tó yọ. Alájì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn tuntun lọ́wọ́, aláwọ̀ ewé. Ó lọ tààrà sábẹ́ máńgòrò. Ó dé ibẹ̀, ó bá Elétíkan tó ki orí bọ èèpo ẹ̀gẹ́.

Ó wo okùn tuntun ọwọ́ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Bàbá Mùyìbátù, ẹ kú àárọ̀," ni Àpọ́nlé wí, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí wà níbẹ̀ yẹn."

Alájì yíjú. Àgbò ńlá náà wà láàárín àwọn abo, eruku bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi imú ti ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn.

"Ta ló tú u?"

"Èmi ni."

"Á rù! Iléyá ku ọ̀la ku ọ̀tunla, o tú ẹran ọdún sílẹ̀! Orí ẹ pé ṣá? Ṣùkúrù, ṣé ìwọ náà rí i?"

Ṣùkúrù ní òun kò rí nǹkan kan, òun ń wo táyà.

"Á rù díẹ̀," ni Àpọ́nlé wí. Kò tíì dìde lórí orúnkún. "Bàbá Mùyìbátù, lẹ́yìn ìrun yídì, ẹ wá mú un. Mi ò ní gbé e pamọ́, mi ò sì ní bẹ̀ yín mọ́. Ẹ ó bá etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ ó bá ìwo rẹ̀ méjèèjì. Èmi fúnra mi ni n ó fà á wá bá yín. Èyí tó dára jù ni ti Ọlọ́run, bẹ́ ẹ ṣe wí. Mo rò ó, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹran kan ló béèrè. Kò béèrè pé kí ìran rẹ̀ parí sí i."

"Bí àwọn abo náà kò bá wá lóyún ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ọwọ́ Rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn mi ló máa dá a dúró."

Alájì la ẹnu. Dáníẹ́lì ló sọ̀rọ̀ kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, kò sì wúkọ́, "ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì yíjú wò ó. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbo ara wọn, ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀.

Alájì rìn lọ síwájú ilé àgùntàn. Ó dúró ní apá òsì, ó fi ọwọ́ kan ìwo dúdú kan tó ká po.

"Mo gun ẹ̀yìn eléyìí rí," ló wí. "Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ pé. Bàbá gbé mi gùn ún yí ọgbà yìí ká. Nígbà yẹn, Bàbá ní àgbò bíi rẹ̀ mélòó kan nínú agbo. Wọ́n á mú ọ̀kan, òmíràn á kù." Ó rìn wá sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń kan ìwo lẹ́yìn ìwo, títí ó fi dé ti èṣín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi ìka rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó mí kanlẹ̀.

"Ṣùkúrù!"

"Alájì!"

"Pa ọkọ̀ náà. Epo ń jó."

Ó padà wá, ó fi ìdí lé odó Dáníẹ́lì, ó sì ní kí wọ́n bu omi fún òun. Ọpẹ́olúwa gbé omi wá, ó kúnlẹ̀. Alájì mu ún, ojú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Elétíkan tó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè oúnjẹ ọdún mẹ́wàá.

"Ìyẹn á wá sanra o."

"Á sanra, Alájì," ni Ṣùkúrù wí.

"Á sanra lásán! Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni." Ó mi orí. "Obìnrin yìí! Á kúkú pa mí lẹ́rìn-ín kó tó fi ìbínú pa mí." Ó gbé ife sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wo Àpọ́nlé. Inú ọgbà ló ń wò. "Lọ́dún tó ń bọ̀, má so èyíkéyìí o. Pè mí ná. Ká jọ wò wọ́n kí a tó yàn."

"Ẹ ṣé, Bàbá Mùyìbátù."

"Má dúpẹ́. Bí ìwo rẹ̀ bá ṣẹ́ kó tó di ọdún, ìwọ ni n ó kàn mọ́ ara ògiri."

Lábẹ́ máńgòrò, Elétíkan ti jẹ èèpo tán. Ó gbójú sókè, ó rí etí agbádá Alájì tó ń mì nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, ó sì dìde lọ bá a. Nígbà tó dé etí ilẹ̀ pípá náà, okùn fà á lọ́rùn. Ó na ẹnu rẹ̀ títí, kò tó o.